Ìdàrọ́ Tí Mo Gbé Sórí Ààrò Ẹja

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ọjọ́bọ̀ ló tó fọ́ lé mi lórí.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe táńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ladi-Lak, Bàrígà. Ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin pọ̀ níbẹ̀ kì í yọ iná sójú bíi ti àwọn wẹ́dà ẹ̀bá títì. Páúdà kan tó rí bíi yanrìn ló máa ń dà sórí ibi tó fẹ́ jó, abẹ́ páúdà yẹn ni iná ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ó bá kọjá tán, lára páúdà náà á ti yọ́, á sì dì di èèpá dúdú tó ń dán bí ìgò. Èèpá yẹn ni ìdàrọ́. A óò kàn án kúrò, a óò dà á sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òkìtì ìdàrọ́ wa ti ga débi pé adìyẹ aládùúgbò ń yé sórí rẹ̀.

Irin ni mo kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé bí a bá gún ìdàrọ́, tí a fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, tí a gbẹ ẹ́ lórí iná, tí a sì pò ó mọ́ páúdà tuntun, ó ṣeé tún lò. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lò, n kò sì sọ pé fún gbogbo iṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún Alhaji, ọ̀gá wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaji, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò, wò mí láti òkè délẹ̀.

“Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ kí o fi hàn mí pé o wúlò. Ó ti fẹ́ pé. Ṣé ìdàrọ́ lo wá rí?”

“Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, sà.”

“Ó dáa. Ọjọ́bọ̀, níwájú mi. Bó bá dára, o ti di ara ilé. Bí kò bá dára, wàá lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì níbi tí fáànù ti ń fẹ́.”

Bí mo ṣe jókòó ti ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan nìyẹn, tí mo fi ọ̀pá irin gún ìdàrọ́ nínú rẹ̀. Bọ̀dá Múfú, tó ń darí ẹ̀rọ wa, gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

“Injiníà, iyán ta nìyẹn? Má jẹ́ kó ní kókó o!”

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo jọ̀ ọ́, mo tún un jọ̀, mo sì bu díẹ̀ pa mọ́ sínú agolo mílíìkì, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ dán nǹkan wò kì í lo gbogbo rẹ̀ tán.

Ó wá ku gbígbẹ. Páúdà tó bá ní ọ̀rinrin nínú, ihò ló máa ń dá sójú irin. Ní Bàrígà tiwa yìí, tí iyọ̀ máa ń lómi nínú ike, oòrùn nìkan kò tó. Mo wá rántí Màmá Ẹbùn, ìyá Ìlàjẹ tó ni ilé tí mo ń gbé, tó máa ń yan ẹja létí ọ̀sà. Dúrọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n gé lẹ́nu ni ààrò rẹ̀, àtẹ wáyà wà lókè, àtẹ wáyà wà nísàlẹ̀. Mo gbé ìdàrọ́ mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìbọn kékeré tí a fi ń wọn ooru.

“Kí lo ń na ìbọn sí ààrò mi fún?”

“Ooru ni mo ń wọ̀n, Mà.”

“Ooru tí mo ti ń fi ojú lásán wọ̀n kí wọ́n tó bí ọ? Gbé ẹrù rẹ sísàlẹ̀, jàre. Ẹja mi wà lókè.”

Mo gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Ooru tó wà nítòsí ẹ̀yín iná pé. Ooru ń gòkè, kì í sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹja tó wà lókè kò lè ṣe ìdàrọ́ ìsàlẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti yan ẹja rí ti ń fi mí rẹ́rìn-ín báyìí. Èmi kò yan ẹja rí.

Nígbà tí mo lọ gbé e, ó ti dúdú sí i, ó sì ń dán. Mo gbà pé àmì gbígbẹ nìyẹn. Òórùn ńkọ́? Nínú ilé tí mo ń gbé, ẹja ni gbogbo nǹkan ń run: aṣọ mi, ìrọ̀rí mi, títí kan ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi. Imú mi ti fẹ̀yìn tì tipẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Alhaji máa ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò kàn rí ohun tó pa ààwẹ̀ àti irin pọ̀ ni. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo po ìdàrọ́ mi mọ́ páúdà tuntun, Bọ̀dá Múfú tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ lórí irin. Èéfín tín-ín-rín kan yọ. Bọ̀dá Múfú gbé imú sókè. Alhaji náà gbé imú sókè.

“Ta ló ń yan ẹja nínú ṣọ́ọ̀bù mi?”

“Kò sẹ́ni tó ń yan ẹja, sà,” ni mo wí. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sórí òṣùwọ̀n, òótọ́ ni.

“Ṣáwá ni,” ni Bọ̀dá Múfú wí, ó di ojú. “Rárá o, àrọ̀ ni. Ó sanra dáadáa.”

“Múfú, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!”

Kò pẹ́ tí ìyá kan láti òdìkejì títì fi yọjú, abọ́ lọ́wọ́. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló lẹ̀ ń ta ẹja yín?”

“Irin là ń ṣe níbí, Ìyá!” ni Alhaji wí.

“Ẹ wá ń fi í pa mọ́ fún mi? Ẹ bá mi mú èyí tó lẹ́yin nínú, ẹ jọ̀ọ́.”

Kí Alhaji tó dáhùn, ológbò méjì ti wọlé. Wọ́n jókòó síwájú òkìtì páúdà náà bí ẹni tó ń retí ìpín. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ lé. Bọ̀dá Múfú kan ìdàrọ́ kúrò lójú irin, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kìkì ihò ni, bí afárá oyin.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń jó irin ní yunifásítì nìyí?” ni Alhaji béèrè. Kò tilẹ̀ pariwo. Mo ti ń rí ara mi lábẹ́ fáànù ọ́fíìsì tí n kò fẹ́.

Ìgbà yẹn ni Alhaji gbé itọ́ mì. Bí mo ṣe rí ọ̀fun rẹ̀ tó lọ sókè sódò ni mo rántí ẹja tó wà lókè àtẹ, bó ṣe sanra tó, bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe ń yọ́. Ooru ń gòkè, òótọ́ ni. Òróró ẹja ń kán sílẹ̀.

“Sà,” ni mo wí, “ó ku díẹ̀ nínú agolo. Ìyẹn kò tíì bá ẹja pàdé.”

Alhaji tẹjú mọ́ mi. “Kò tíì bá ẹja pàdé!” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fara ti táńkì, ó rín in títí tẹ̀súbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bí mo bá tún gbóòórùn ẹja pẹ́nrẹ́n, kí o máa bá Màmá rẹ kiri ẹja lọ.”

Mo da ẹ̀yín iná tó mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé páànù irin tuntun lé e, mo yan ti inú agolo títí ooru rẹ̀ fi pé. Adìyẹ nìkan ló ń wò mí. Lẹ́yìn ìrun, ẹ̀rọ tún rìn. Èéfín kò yọ, ológbò kò dìde. Ìdàrọ́ náà ṣí kúrò fúnra rẹ̀ bí èèpo ẹyin. Bọ̀dá Múfú fi àtàǹpàkò tọ ojú ibẹ̀, Alhaji tan iná fóònù sí i, ó wò ó títí. A kò rí ihò kankan.

“Táńkì omi nìkan ni wàá máa lò ó fún,” ni Alhaji wí. “Ti epo, páúdà tuntun.”

“Èmi náà kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà.”

“Ó yá, máa gún òkìtì ẹ̀yìn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kó ẹyin adìyẹ aládìyẹ kúrò níbẹ̀.”

Bí mo ṣe di ara ilé nìyẹn. Láti ìgbà náà, kí n tó yá iná ẹnikẹ́ni lò, mo máa ń béèrè ohun tó ń sè lọ́wọ́. Bọ̀dá Múfú kò sì pè mí ní Injiníà mọ́. Ẹlẹ́ja ló kù tó ń pè mí, mo sì ń dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo táńkì omi àkọ́kọ́ tí a fi páúdà àdàpọ̀ yẹn jó, nínú ọgbà ilé kan ní Fọlá Agoro. Mo fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ yí ká. N kò lè sọ bí yóò ṣe rí tó bá gbó. Ológbò kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bóyá òjìji ló bá débẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn ni, n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo gbóòórùn ọwọ́ ara mi, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún fọwọ́ pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Táńkì kún dẹ́nu, ìdí rẹ̀ gbẹ táútáú, ológbò sì ń hanrun.