Ọwọ́ Ọnàwùmí Nínú Kèrègbè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè? Ẹ fara balẹ̀. Ọnàwùmí afíngbá ló dá a sílẹ̀.

Dépẹ̀jú àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ mú Àwẹ̀ró, ọmọ Ọnàwùmí, lọ gbé lọ́dọ̀ ara rẹ̀ lókè odò. Ẹ̀rù ayé ń ba Ọnàwùmí fún ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀bẹ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ló bá mú kèrègbè, ó ń fín gbogbo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún sí i lára. Ó fín ejò, ó fín odò tó kún, ó fín ọ̀rẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Dépẹ̀jú gbẹ́rù karí, ó ṣì ń fín.

“Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ti ń mú.”

“Ó ku ajá dìgbòlugi.”

Eyín ajá ló ń fín lọ́rùn kèrègbè tí ọ̀bẹ fi yọ̀ bọ́ sínú.

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un.”

“Ọmọdé kì í kiwọ́ bọ ibi tí kò rí.”

Bàbá tí kò ríbẹ̀ náà bá ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó wọlé tìpátìkúùkù. Kò jáde mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ fa kèrègbè, Dépẹ̀jú fa Ọnàwùmí. Àwọn obìnrin méjèèjì fìdí lulẹ̀, kèrègbè ò mira. Ìyàwó gbé ọmọ odó.

“Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ.”

“Kí lọmọ mi yóò wá mú rin ayé?” Ó gbá kèrègbè mọ́yà, ó ń sá yí àká po, ìyàwó ń lé e tòun tọmọ odó.

Dépẹ̀jú ní, “Èmi ń lọ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú tẹ̀lé wa, kí ẹ máa ru ọwọ́ yín.”

Àwẹ̀ró ló rántí. “Bàbá, epo wà lórí pẹpẹ. Ọwọ́ mi ò tó o.”

Ọnàwùmí fọwọ́ òsì gbé epo sọ̀kalẹ̀. Ọmọ rọ epo síbẹ̀, ó ń yí kèrègbè díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ fi já yọ. Ó wá ki ọwọ́ kékeré tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó mú ọ̀bẹ jáde bí ẹni mú ẹyin lábẹ́ adìẹ. Kò dá a padà. Ó jókòó, ó fín nǹkan sídìí kèrègbè.

“Kí nìyẹn?”

“Ọkùnrin tó rò pé ọwọ́ òun nìkan ti tó.”

Ọnàwùmí wò ó títí. Ó ní, “Imú rẹ̀ tóbi jù,” ó sì gbé kèrègbè kọ́ ọmọ léjìká.

Òun ni wọ́n fi ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, ẹ yáa wá epo.