Iwe Adìẹ Tó Jẹ Afárá Mukhuyu

Ẹjọ́ kan gbéra létí odò lánàá, ó sì dé iwájú Olóyè Masibo pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Ìyá Nekoye ló gbé e wá. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó fi bàtà há abíyá, omi odò ṣì ń kán lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ìyàwó Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kì í ṣe omi ló ń bínú sí. Wepukhulu ló ń bínú sí, ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí.

Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ni Olóyè ti máa ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ jókòó tì í, Baba Khaoya tó dàgbà jù nínú wọn sì ti ń sùn. Òórùn adìẹ tí ìyàwó Olóyè ń sè ń fẹ́ wá láti ilé ìdáná. Òun náà ló jẹ́ kí ìgbìmọ̀ pé lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ rojọ́ yín," Olóyè wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí, adìẹ ti fẹ́ jinná."

"Olóyè, Wepukhulu ti jẹ afárá wa."

"Afárá wo? A ò ní afárá."

"Èyí tí à bá ní ni."

Ó wá ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìjọba àgbègbè kò lè ná owó ìlú, ì báà ṣe owó ìṣó kan, àyàfi tó bá kọ́kọ́ pe ará ìlú jọ, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Wọn á pa àgọ́, wọn á dáná, èèyàn á sọ̀rọ̀, èèyàn á nawọ́, ohun tí ọwọ́ bá pọ̀ fún ni ìjọba á ṣe. Lọ́dún yìí ó kan abúlé Mukhuyu. Òdìkejì odò ni Ìyá Nekoye ń gbé, níbi tí ìdajì abúlé wà, ìhín sì ni ilé-ìwé wà. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sọdá. Odò ti gba bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó padà wá gba tòsì, ó gba súwẹ́tà, ó gba báàgì. Ó ní aṣọ ilé-ìwé odò náà ti pé, ìwé-ẹ̀rí nìkan ló kù tí kò tíì gbà.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú Nasike, ọmọ-ọmọ mi, fúnra rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ka gúáfà ló há a lẹ́wù." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún omi ìró rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó gbórí sókè, ó ní ilé dé ilé lòun rìn ṣáájú ìpàdé, tí òun ń kọ́ gbogbo èèyàn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn yóò sọ: afárá.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ lọ sípàdé?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Òjò rọ̀, odò kún, kò sí afárá."

Ìyá Nekoye ní gbogbo àwọn ará òdìkejì ló dúró sétí omi lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń pariwo afárá sí àgọ́ títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.

Olóyè kọjú sí Wepukhulu. Ọkùnrin yìí kì í pa ìpàdé ìjọba jẹ. Ì báà ṣe torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ì báà ṣe torí abẹ́rẹ́ màlúù, tí wọ́n bá ti pa àgọ́, ó ti wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní màlúù kankan.

"Ṣé o rí àwọn èèyàn yìí?"

"Mo rí wọn, Olóyè. Mo rò pé wọ́n ń kí wa ni. Mo juwọ́ sí wọn. Ó yẹ kéèyàn lọ́yàyà."

"Afárá ni wọ́n ní kí o sọ. Kí lo sọ?"

"Mo ní géètì."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n fún mi ní iwe adìẹ."

Baba Khaoya jí. Ní Mukhuyu, iwe adìẹ kì í ṣe ẹran lásán, oyè ni. Ẹni tí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀ ni onílé. Ìyàwó tó bá fún ọkùnrin mìíràn jẹ, ó lè kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ta ló fún ọ?" Baba Khaoya bi í. Ó jọ pé ìlara wà nínú ohùn rẹ̀.

"Akọ̀wé ìjọba fúnra rẹ̀, bàbá. Orí òkèlè ugali mi ló gbé e lé, níwájú gbogbo èèyàn. Bí mo ṣe gbé e mì báyìí, mo di bàbá gbogbo yín. Ìgbà náà ló wá bi mí pé ṣé géètì onírin kò ní dáa lẹ́nu ọ̀nà abúlé, kí wọ́n kọ 'Ẹ káàbọ̀' sí i, kí wọ́n fi àwòrán kánsẹ́lọ̀ wa sí i. Ẹni tó fún èèyàn ní iwe, ṣé ẹ ó wo ojú rẹ̀ kí ẹ ní ẹ ò fẹ́? Irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn?"

Nínú ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Nekoye rí i lójú wọn.

"Àti pé," Wepukhulu tún fi kún un, "afárá kì í kí èèyàn káàbọ̀."

Ó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Mukhwana, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyẹn búra pé kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni nawọ́.

"Ṣé ẹ̀yin náà nawọ́, tíṣà?"

"Rárá, Olóyè."

"Wọ́n ní ọwọ́ yín wà lókè."

"Ó wà lókè. Iyọ̀ ni mò ń tọrọ."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Àwọn kan ń lé eṣinṣin. Àwọn kan rí i pé ẹni tó jẹ iwe ti nawọ́, wọ́n ní ọmọ kì í kọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu."

"Iyọ̀ àti eṣinṣin ló fọwọ́ sí géètì nígbà náà."

"Akọ̀wé ò yà wọ́n sọ́tọ̀, Olóyè."

"Kí ni wọ́n fọwọ́ sí gan-an? Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

"Géètì kan, lẹ́nu ọ̀nà abúlé Mukhuyu."

"Ẹnu ọ̀nà wo?"

"Wọn ò sọ. Oúnjẹ ti ń tutù."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wepukhulu tún pe ìyàwó rẹ̀, Namaemba, kó wá jẹ́rìí pé ìrẹ̀lẹ̀ lòun fi gba oyè náà.

"Ìrẹ̀lẹ̀ bí i ti báwo?" Namaemba wí. "Lọ́jọ́ tó dé, mo gbé apá adìẹ fún un, ó ní onílé kì í jẹ apá. Ó ní kí n yé pe òun lórúkọ, Baba Géètì ni kí n máa pè. Bó bá ti rí adìẹ wa níta, ikùn rẹ̀ ló ń wò."

"Ṣé òun náà máa ń sọdá odò yìí?"

"Láéláé. Èmi ni mò ń lọ ra tábà rẹ̀ lódìkejì."

"Olóyè, Ìyá Nekoye ti fún obìnrin yìí ní nǹkan," Wepukhulu wí.

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Èmi náà fẹ́ afárá."

Olóyè àti ìgbìmọ̀ forí korí. Ohun tí wọ́n ń sọ ta sí Ìyá Nekoye létí: ohun tí ará ìlú bá ti fọwọ́ sí, kò ṣeé yí padà di ọdún mìíràn, agbaṣẹ́ṣe sì ti já irin géètì sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ọdún mìíràn, òjò mìíràn. Ó rántí bí ẹ̀ka gúáfà yẹn ṣe tín-ín-rín tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró rẹ̀ ká pé kóun máa lọ.

"Ìyá, ẹ dúró," Olóyè wí. "Géètì ni wọ́n fọwọ́ sí, géètì náà la ó gbà."

Wepukhulu fi ìdùnnú mi orí.

"Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà abúlé. Ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì, odò ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni géètì máa wà. Kí wọ́n ri òpó kan sétí ìhín, kí wọ́n ri ìkejì sétí ọ̀hún, kí wọ́n gbé irin gbọọrọ yẹn dábùú wọn, kí wọ́n tẹ́ pákó lé e. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé abẹ́ géètì nìkan lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá."

"Àwòrán kánsẹ́lọ̀ wà lórí irin náà," Mukhwana rán an létí. "A ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Bó bá dùn ún, kó wá fi afárá gidi pààrọ̀ rẹ̀. Wepukhulu, ìwọ kọ́ ni bàbá gbogbo wa?"

"Ẹ ṣé, Olóyè."

"Bàbá kì í wo ọmọ kó bómi lọ. Títí agbaṣẹ́ṣe á fi parí iṣẹ́, ìwọ ni wàá máa pọn àwọn ọmọ ilé-ìwé sọdá, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àgbà tó bá fẹ́ sọdá, wàá pọ̀n ọ́n."

Baba Khaoya ní ó ti pẹ́ tóun ti fẹ́ lọ kí àwọn àna òun lódìkejì.

Ìyàwó Olóyè ti gbé àwo dé. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, iwe adìẹ wà lókè téńté, bó ṣe máa ń wà. Olóyè wò ó, ó dá itọ́ mì, ó tún wò ó. Ó wá rọra ti àwo náà síwájú Ìyá Nekoye.

"Ẹni tó bá jẹ iwe ló ń sọ̀rọ̀ fún abúlé," ó ní. "Ẹ jẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ó máa sọ̀rọ̀ fún wa nípàdé láti òní lọ."

Láti ọjọ́ tí Mukhuyu ti ń jẹ́ Mukhuyu, obìnrin kan ò jẹ ẹ́ rí. Wọ́n ní irùngbọ̀n á hù ú. Baba Khaoya fọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ìyàwó Olóyè àti Namaemba sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ìyá Nekoye mú un, ó jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ń bá a mi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó gbé e mì tán, ó fi etí ìró tútù nu ẹnu.

"Ó le," ó ní. "Kò sì dùn tó bí ẹ ṣe ń pariwo rẹ̀. Ṣé torí èyí ni Nasike fi fẹ́ bómi lọ?"

Agogo ilé-ìwé dún, àwọn ọmọ ń bọ̀ nílé, Wepukhulu sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò rẹ̀.