Ọkọ̀ Tó Gbé Iṣu Ìkórè

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìkórè ni, ní Ìṣẹ́ Èkìtì. Tíṣà Bámgbóyè, tó kọ́ ìdajì ìlú ní físíìsì tó sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òdo, gbé ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù kan tó tóbi tó ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Mojírádé, ẹni tó ń tún mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Àwọn méjèèjì ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

TÍṢÀ: Mojírádé, mi ò wá fún àtúnṣe o. Mo kàn ní kí o wá wo iṣẹ́ ọpọlọ.

MOJÍRÁDÉ: Ẹ káàárọ̀, sà. Mo rí i. Uṣẹ́ ọpọlọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣé ó ń sinmi ni?

TÍṢÀ: Ó ń gbọ̀n díẹ̀ ni, kò fẹ́ yí. Ṣé o rántí pé ẹ́ńjìnnì epo ló fi gbé iṣu àkọ́so lọ sí pẹpẹ lọ́dún tó kọjá?

MOJÍRÁDÉ: Ta ni ò rántí? Àwọn akọrin ṣì ń wúkọ́ rẹ̀. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù gbé omi sáré wá láti mọ́sálásí, ó rò pé uná ń jó wa.

TÍṢÀ: Mo ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù. Mọ́tò oníná ló wà níbẹ̀ báyìí, irú tuntun tí kò ní káábọ̀nù tó máa ń jẹ tán nínú rárá. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Pásítọ̀ ti kìlọ̀ fún mi: bí mo bá tún dójú ti ìjọ lónìí, oyè Bàbá Ìkórè ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó di ti Samuel. Samuel, Mojí! Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín áńpì àti fóòtì!

MOJÍRÁDÉ: Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, sà.

(Tíṣà fa rìmóòtù yọ lápò. Ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì dúró.)

MOJÍRÁDÉ: Ṣéènì wo ló ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yìí? Ṣé kó má baà sá lọ ni?

TÍṢÀ: Ìdí tí o fi gba F9 nínú físíìsì mi nìyẹn. Wáyà mélòó ló jáde lára mọ́tò?

MOJÍRÁDÉ: Mẹ́ta.

TÍṢÀ: Mẹ́ta, bíi ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé! Ọ̀kan fún iná tó ń bọ̀, ọ̀kan fún èyí tó ń padà, ẹ̀kẹta ti ilẹ̀ ni. Ṣé o ò rí táńkà epo rí ni, bó ṣe ń wọ́ ṣéènì nílẹ̀ dé Adó? Mo so ẹ̀kẹta mọ́ ṣéènì, kí iná má baà gbé ẹnikẹ́ni nínú ilé Ọlọ́run.

MOJÍRÁDÉ: Háà! Bátìrì tí kò ju ìwé orin lọ ló fẹ́ gbé gbogbo ìjọ. Ẹ kú àníyàn wa, sà. Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ò ní ti ulẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe uṣẹ́. Bọ́ọ̀dù kékeré ẹ̀gbẹ́ bátìrì yìí ló ń pín uná fún wọn níkọ̀ọ̀kan, ni mọ́tò fi ń yí. Bọ́ọ̀dù náà ní wáyà mẹ́ta tirẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ọ̀rá di ọ̀kan pa?

TÍṢÀ: Mo rò pé èènì ni wọ́n fi ṣe.

(Mojírádé bojú wòkè. Ó já ṣéènì sọnù, ó so wáyà mẹ́ta mọ́ mẹ́ta. Tíṣà tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ fẹ̀yìn sáré, ó gbá a lójúgun.)

TÍṢÀ: Yéè! O ti bà á jẹ́! Ẹ̀yìn ló ń lọ! Ṣé kó máa gbé iṣu kúrò níbi pẹpẹ ni?

MOJÍRÁDÉ: Ìjọ á fẹ́ràn ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí uṣu ti ń lọ síbẹ̀ tí ọ̀kan kì í padà.

(Ó pààrọ̀ wáyà méjì péré.)

MOJÍRÁDÉ: Ẹ pààrọ̀ méjì tó bá wù yín nínú mẹ́ta, á yí síhà kejì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

(Ọkọ̀ rọra lọ síwájú, kò dún rárá. Ojú Tíṣà rọ̀.)

TÍṢÀ: Mojí, mi ò sùn láti àná. Ẹ̀rù bà mí gan-an. F9 yẹn... ó yẹ kó jẹ́ E8.

MOJÍRÁDÉ: Ẹ ṣé, sà. Màá ránṣẹ́ sí ulé kí wọ́n bá mi dúpẹ́.

(Tíṣà da aṣọ funfun bo ọkọ̀ náà dé táyà, ó gbé iṣu ńlá lé e lórí, ó sì rán an jáde sójú ọ̀nà fún ìdánwò ìkẹyìn. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lójijì, ẹnìkan ké níta: “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Uṣu ń rìn o!” Ẹsẹ̀ ń dún kì, kì, kì, ó ń jìnnà lọ.)

TÍṢÀ: Ta nìyẹn?

MOJÍRÁDÉ: (ó yọjú) Pásítọ̀ ni.

TÍṢÀ: Mo gbé! Jẹ́ kí n tètè lọ ṣàlàyé fún un pé mọ́tò lásán ni.

MOJÍRÁDÉ: Kò burú, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ̀kadà. Ó ti fẹ́ẹ̀ dé Èmùré.