Òkun-Gbọ́ràn Kan Pákó Lẹ́ẹ̀mẹta

Bí ìgbéraga bá ń múni ga, Òkun-Gbọ́ràn ì bá ti máa fi orí kan àwọsánmà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ó ní bí òun bá ti lanu báyìí, òkun á gbọ́ràn. Ó tún fi oríkì tì í lẹ́yìn: Ọba-lórí-omi, Olówó-orí-ẹja, Arìnlókun-bí-ẹni-ń-rìn-ní-pálọ̀. Bí kò bá rí ẹni tó máa kì í láàárọ̀, á ki ara rẹ̀ níwájú dígí kó tó fọ eyín.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó àlejò lọ sí ibi tí omi òkun ò ti kọjá orúnkún, kí wọ́n lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dẹ ẹja. Wọn kì í lo ekòló níbẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé edé ni. Àlejò á dúró síwájú ọkọ̀, atukọ̀ á wà lẹ́yìn, á máa fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ jẹ́jẹ́, á sì máa fi ojú wá ẹja. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á bá a ya fọ́tò, wọ́n á dá a padà sómi. Iṣẹ́ ojú ni. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, Òkun-Gbọ́ràn kò rí ọ̀ọ́kán. Ó ti na ọwọ́ sí igi kan tó léfòó rí, ó ní ẹja ni, àlejò sì ń ju ìwọ̀ sí igi náà títí oòrùn fi kàn tàrí.

Ìyàwó rẹ̀ ló lójú. Bàbá obìnrin náà ló ni ọkọ̀ kó tó kú, inú ọkọ̀ náà lọmọ ti kọ́ ìrìn. Òun ló ń wé gbogbo ìyẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pè ní "iṣẹ́ ọwọ́ mi." Òun náà ló mọ àṣírí.

Àṣírí wo? Lẹ́yìn ilé wọn, omi òkun ya wọ kòtò kan láàárín igi. Òkun-Gbọ́ràn ta àwọ̀n dí ẹnu kòtò náà, ó sé ẹja ńlá kan mọ́bẹ̀. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á fi ọ̀pá kan pákó etí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, á da búrẹ́dì sómi, ẹja á yọjú. Lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, kò sí búrẹ́dì. Ọkọ á fi ọkọ̀ gbé àlejò yí ká títí ojú àlejò á fi pòòyì, á yọ́ gba ẹ̀yìn wọ kòtò, á wá fi ọ̀pá kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Òkun ni mò ń bá sọ̀rọ̀," á wí. "Ẹ má mí o! Ẹ ju ìyẹ́ yín síbẹ̀ yẹn."

Ẹja tí ebi ń pa ò mọ edé yàtọ̀ sí ìyẹ́. Fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri ọ́fíìsì èbúté: àlejò mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹja kan ṣoṣo. Ìrù ẹja yìí ya lápá kan bí aṣọ tí eku jẹ, nítorí náà nínú gbogbo fọ́tò, ọwọ́ Òkun-Gbọ́ràn ló bo ìrù. Àwọn èèyàn rò pé àṣà àwọn ọ̀gá ni. Àwọn atukọ̀ yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìrù ẹja tiwọn.

Ìyàwó bá ọkọ rẹ̀ pa àṣírí náà mọ́. Àmọ́ lọ́dún kan, ẹgbẹ́ atukọ̀ kéde ìdíje kan: ẹni tí àlejò rẹ̀ bá mú ẹja tó gùn jù, òun nìkan ni yóò máa kó àlejò lọ sórí iyanrìn funfun, níbi tí ẹja pọ̀ sí jù, fún odindi ọdún kan. Orí iyanrìn funfun yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà ọkùnrin, tí òun náà jẹ́ atukọ̀, ti ń rí ohun tó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ta ló dá àbá ìdíje? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

"Baálé mi," ni ìyàwó wí, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń wọn fìlà níwájú dígí, "bí ẹ bá gba ibẹ̀, kí ni ẹ̀gbọ́n mi á máa ṣe?"

"Á máa fọ ọkọ̀ mi. Ṣé mo lè máa wo àna mi kí ebi pa á ni?" Ó ti fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé fìlà yìí ò kéré báyìí?"

"Fìlà ò kéré," ni ìyàwó dáhùn. "Orí ló wú."

Inú bí ìyàwó nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ó tún tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Òṣùpá tuntun ti lé. Omi á kún àkúnya kí ilẹ̀ tó mọ́, á bo àwọ̀n yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e sókè sí i."

"Ta lò ń kọ́ lókun? Èmi? Ṣé wọ́n ń kọ́ àkèré ní ìwẹ̀ ni?" Ó gbé ìwé mẹ́rin sókè. "Jẹ́ n ráyè ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi. Ẹni tó bá gba ipò kì í kólòlò."

"Ó dáa," ni ìyàwó wí. "Mo ti sọ tèmi."

Nígbà tó gbé búrẹ́dì dé ìdí kòtò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó lè fi tan ẹja náà dúró bí omi bá ti kún, kò rí àwọ̀n. Abẹ́ omi ló wà. Ó kan pákó títí, ẹja ò yọjú. Ó sáré dé èbúté tòun ti àpò búrẹ́dì, ọkọ rẹ̀ ti wà láàárín èrò.

"Baálé mi, ẹ gbọ́ o, ẹja..."

"Tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi!"

Alága ẹgbẹ́ jókòó níwájú. Alága yìí náà ti bá Òkun-Gbọ́ràn lọ rí. Òun ló wà nínú fọ́tò keje. Ó ti ya ẹ̀dà tirẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, kò sì sí àlejò tó mumi nílé rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ bó ṣe bá ẹja náà jà fún wákàtí kan àbọ̀.

Òkun-Gbọ́ràn na ọ̀pá ìtukọ̀ sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn kan ń wá ẹja kiri. Èmi kì í wá ẹja, mo máa ń pè é ni. Bí mo bá kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta, òkun á dá mi lóhùn!"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá, ó sorí kọ́. Ìyàwó di àpò búrẹ́dì rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ ṣáà ti ní kó dúró.

Kó. Kó. Kó.

Omi mì. Ẹja ńlá kan yọ gbàgà lábẹ́ pákó èbúté.

"Háà! Òkun gbọ́ràn lóòótọ́!" Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ṣí fìlà fún un. Ẹ̀rù ba Òkun-Gbọ́ràn fúnra rẹ̀, ó fò sẹ́yìn, kó tó rí ohùn. "Ẹ... ẹ rí i! Mi ò rí ẹja yìí rí láyé mi!"

Ẹja ò wo ojú rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó, ó lọ tààrà síbi tí ìyàwó dúró sí, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí.

"Ìrù rẹ̀ ya," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó wo fọ́tò lára ògiri, ó tún wo ẹja. "Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àna mi fi bo ìrù nínú gbogbo fọ́tò?"

Alága gbé awò ojú wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Àpá funfun kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹja. "Mo mọ àpá yìí," ló wí. "Ó wà ní pálọ̀ mi."

"Ẹja máa ń jọra, sà! Ìbejì ni wọ́n!"

"Ìbejì mọ́kànlélọ́gbọ̀n?" Alága yíjú sí ìyàwó. "Ìyá, ẹja yìí ò kúrò níwájú yín. Kí ló ń wá?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Búrẹ́dì ni, sà."

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan di òpó mú, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Fìlà Ọba-lórí-omi já bọ́ sómi. Ẹja gbóòórùn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdíje ti parí, kí oníkálukú máa lọ sórí iyanrìn funfun bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi ìyàwó bóyá ó lè mú òun lọ wá ẹja tòótọ́, kó tó di pé àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀ fọ́tò tó wà ní pálọ̀ òun.

Ìyàwó gba ọ̀pá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni Òkun-Gbọ́ràn bi í.

Ó na búrẹ́dì tó kù sí i. "Ẹ dúró ti ẹja. Kò tíì yó."