Àkáǹtì Tí Ará Ilé Ò Gbọdọ̀ Gbọ́ Sí

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi, ọjọ́ tí ìyá tó bí mi sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní àdúgbò Ali Kazaure ní Jos pé òun ò mọ̀ mí rí, tó sì tún ń retí kí n dúpẹ́.

Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Rélùwéè ló gbé bàbá wa àgbà wá láti Ọ̀fà. Síbẹ̀, mo ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ ní Ọ̀fà. Mo ti mọ ọ́n tán, òrùlé ló kù, òjò sì ń bá ògiri rẹ̀ jà lọ́dọọdún. Owó páànù yìí ni mo fẹ́ tọ́jú. Àwọn ẹbí ni kì í jẹ́ kí owó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo ń ta táyà ní Jos, ọlọ́wó ni mí. N ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ni mo bá ní n óò fi owó náà síbi tí èmi gan-an ò ti ní lè fọwọ́ kàn án. Mo ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Ọ̀kan ń san èlé tó dára, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fún mi ní káàdì. Kí ni mo fẹ́ fi káàdì ṣe, èmi tí mo ń sá fún ara mi? Níkẹyìn, mo rí èyí tó ní bí owó bá ti wọlé, ó di ìgbà tọ́dún bá yípo kó tó jáde. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ohun tí Màámi bá gbọ́ láàárọ̀, Ọ̀fà á ti gbọ́ ọ kó tó dọ̀sán. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Àṣé báńkì ní láti rán ènìyàn wá wo ilé mi kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì náà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí obìnrin kan gbé fáìlì dé. Màámi ń yá oòrùn níwájú ilé nítorí òtútù. Obìnrin náà fi Hausa béèrè bóyá ibẹ̀ ni mò ń gbé. Màámi wo fáìlì, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní, “Ban san shi ba,” pé òun ò mọ̀ mí. Ó tún pe Baba Ladi, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, láti wá jẹ́rìí. Baba Ladi ní òun ò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, pé bóyá kí wọ́n wò ó ní àdúgbò Anglo Jos.

Bí mo ṣe dé nírọ̀lẹ́, Màámi ń rẹ́rìn-ín.

“Mo gbà ọ́ sílẹ̀ lónìí o. Obìnrin kan gbé fáìlì wá, mo ní n ò mọ̀ ọ́.”

“Kí ló dé, Màámi?”

“Haba! Ẹni tó gbé fáìlì wá èèyàn wálé, ṣé ire ló ń bá bọ̀? Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba Ladi.”

Inú bí mi gan-an. Mi ò sì lè pariwo, torí ariwo ló máa tú àṣírí. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba Ladi.

Báńkì ní àwọn á tún wá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é mọ́, mo rọra sọ fún Màámi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ṣe àṣírí. Ó búra. Nígbà tí obìnrin náà padà wá, Màámi fún un ní kunu mu, ó ròyìn ọjọ́ ìkómọ mi fún un, ó ki oríkì mi, ó fi yàrá mi hàn án. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù délé, Ìyábọ̀ àbúrò mi ti pè láti Ọ̀fà. Ó kí mi kú oríire, ó wá kan owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá wa kékeré. Mo ní owó ti wà ní títì ní báńkì.

“Ẹ̀gbọ́n, Màámi ní báńkì ò tíì fọwọ́ sí i.”

Mo fi owó ránṣẹ́. Àwọn yòókù náà pè, mo tún fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé àkáǹtì ti ṣe tán, kí n máa kówó bọ̀. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi ò tó ra ìṣó, ká má tíì sọ páànù. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kò sí báńkì tí àgádágodo rẹ̀ le tó láti ti ẹnu ìyá ẹni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí Màámi ń fi mí yangàn fún Baba Ladi lórí ògiri, pé owó ọmọ òun ti wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè tó o mọ́. Mo jókòó sínú ilé, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.