Bàbá Àgbà Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹjọ́ kan fẹsẹ̀ gun àkàsọ̀ dé ààfin ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nítorí líìfùtì ilé náà ti dákú. Àjà keje ni ààfin wà ní Billstedt, ní Hamburg; àga onítìmùtìmù tó dojú kọ tẹlifíṣàn sì ni ìtẹ́ Baálẹ̀ Akínpẹ̀lúmi, olórí àwa Yorùbá ìlú náà. Láti ìgbà tí àwọn ará Jámánì ti ń kan pátákó ìrántí ayé amúnisìn mọ́ ara ògiri, kálukú ọmọ wa ló ń wá bàbá ńlá tí yóò kàn mọ́ ọn.

Dérìnsọ́lá, nọ́ọ̀sì láti àdúgbò Harburg, kúnlẹ̀. Ó ti búra lójú ọ̀nà pé òun ò ní sunkún níwájú Ọládipọ̀, ẹni tó pè lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀ wa, Dúródọlá ni bàbá àgbà bàbá mi. Ó ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi àwọn amúnisìn. Òtútù pa á ní Harburg, a ò mọ sàréè rẹ̀. Mo bẹ Amt, ọ́fíìsì ìjọba wọn, títí, wọ́n gbà kí n kan pátákó kékeré mọ́ ilé tó kú sí. Ọ̀túnla ni bàbá mi ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ wá fọwọ́ kan orúkọ yẹn. Ọládipọ̀ ti gbé pátákó idẹ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn bò ó!"

Baálẹ̀ yíjú sí Ọládipọ̀. "Ẹnjiníà, kí lo kọ sára tìrẹ?"

Ọládipọ̀ fọwọ́ pa irun rẹ̀, èyí tó pa láró dúdú bí ìdí ìkòkò. "Mo kọ ọ́ pé, 'Níbí ni bàbá àgbà Ọládipọ̀ ti dojú kọ amúnisìn lọ́dún 1911.'"

"Bàbá àgbà rẹ wá sí Jámánì?"

"Epo pupa wọn ló wá, Baálẹ̀. Èbúté Harburg ni àgbá rẹ̀ gúnlẹ̀ sí. Ẹni tí epo rẹ̀ bá dé ibì kan, ṣé òun náà ò dé ibẹ̀ ni?"

"Epo ló wá dojú kọ amúnisìn?"

"Ó ta sí wọn láṣọ."

Wọ́n pe Fọláwùmí, ìyàwó Ọládipọ̀, láti jẹ́rìí.

"Òótọ́ ni, ẹ̀yin àgbà. Ògbóǹtarìgì aránṣọ ni bàbá yẹn."

"Aránṣọ? Epo ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń fi í sí."

Ezra, ọ̀rẹ́ Ọládipọ̀ tó wọkọ̀ ojú irin wá láti Berlin, fò dìde. "Ẹ má dá obìnrin yẹn lóhùn! Jagunjagun ni wọ́n. Èmi àti Ọládipọ̀ la jọ kan pátákó wọn mọ́ ilé mi ní Neukölln, ní Berlin: 'Níbí ni bàbá àgbà Ọládipọ̀ ti fẹ̀mí lélẹ̀ lọ́dún 1904.'"



Dérìnsọ́lá ní, "Ó kú ní Berlin ní 1904, ó wá bá wọn jà ní Harburg ní 1911?"

"Akọni ni," Ọládipọ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin tí òtútù lásán pa tiyín, kí lẹ mọ̀?"

Omijé dé ojú Dérìnsọ́lá. Ó dá a padà.

Baálẹ̀ wú ikọ́. "Ọládipọ̀, a gbà ọ́ gbọ́."

"Háà! Baálẹ̀!"

"Sinmi, Dérìnsọ́lá. Bàbá àgbà rẹ̀ kú ní Berlin, epo rẹ̀ sì ṣòfò ní Harburg. Ọ̀fọ̀ méjì nìyẹn, a ò sì rí i kó fárí fún ẹyọ kan. Ọládipọ̀, fá a lónìí fún ti Berlin. Tó bá hù tán, kó o tún un fá fún ti Harburg. Lọ́la, tú pátákó rẹ ti Harburg, kó o gbé e mọ́yà nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn bí ọmọ tuntun, kó o mú un wá síbí. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi ti jẹrà. Tó bá di Sátidé, ìwọ ni wàá fi agbòjò bo bàbá Dérìnsọ́lá lórí."

Ní Sátidé, òjò ń rọ̀ ní Harburg. Bàbá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé orúkọ Dúródọlá, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Dérìnsọ́lá wá sunkún ní tirẹ̀ wàyí. Ìgbà tí bàbá yíjú padà, ó rí orí tó ń dán lábẹ́ agbòjò, àánú sì ṣe é.

"O kú ará-fẹ́ra-kù, ọmọ mi. Ta ló kú?"

"Bàbá àgbà mi ni, sà."

"Ẹ̀yà! Nígbà wo?"

Ọládipọ̀ wo ojú Dérìnsọ́lá bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Dérìnsọ́lá ń nu imú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, sà."