Èèrà Tó Ń Gbààwẹ̀ ní Jakande

Wọ́n ní èèrà Àlàájì Ọláfimíhàn ń gbààwẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ èèyàn dé ọ̀fun, tí oòrùn ò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọ̀, kò sóhun tí etí ò lè gbà. Mo bá gbà á dé ìdajì.

Àlàájì Mísbáù Ọláfimíhàn, ọmọ A-pàṣẹ-fún-èèrà-kí-erin-tó-dáhùn! Aládùúgbò wa ni ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀. Bó bá wọ jálàbíà tuntun, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tí ò tíì rí i lè rí i. Oyè Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wa ló ń wá lójú méjèèjì, àmọ́ Bàbá Sirajudeen onísùúrù làwọn àgbà ń wò. Ẹni tí ìwà ò gbé dórí àga, á fi èèrà ṣe àkàbà.

Ó hú ilé èèrà lábẹ́ máńgòrò, tìyá tọmọ tẹyin, ó kó wọn sínú ṣóò-gíláàsì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ta bọ́ọ̀nsì tẹ́lẹ̀. Ká sòótọ́, ó dùn ún wò. Ẹ ó rí wọn lára gíláàsì, tí wọ́n ń gbé ẹyin láti yàrá dé yàrá bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù ń lé.

"Mo gbọ́ èdè wọn bí Ànábì Sulaimọ́nù," ni Àlàájì ń wí kiri. "Mo ti wàásù fún wọn. Wọn ò ní fẹnu kan ṣúgà títí Mọ̀gàríbì!"

Ìyàwó rẹ̀ ló padà tú u fún mi: gbogbo sàárì lọkọ òun ń da omi ṣúgà fún wọn títí wọ́n á fi yó bámúbámú. Ta ló tún fẹ́ rí ṣúgà sójú?

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, nígbà tí a ń retí ìṣínu ní mọ́ṣáláṣí, ó gbé àpótí náà síwájú gbogbo ìjọ, ó ju ṣúgà sí i. Èèrà kankan ò yà síbẹ̀.

"Alláhu Akbar!" ni ìjọ ké.

Orí Àlàájì wú. Ó ṣí gíláàsì gbayawu, ó na ọwọ́ wọ inú rẹ̀. "Ẹ wò ó! Mùsùlùmí ni wọ́n!"

Àwọn Mùsùlùmí tò jáde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ṣúgà kọjá bí ẹni kọjá òkúta, wọ́n gun apá jálàbíà, wọ́n yí ikùn po, wọ́n wọ àpò lọ.

Àǹtí Wàsílátù nahùn láàárín àwa obìnrin. "Àlàájì, kí ni wọ́n ń wá lápò yín?"

"Tẹ̀súbáà mi ni. Wọ́n fẹ́ bá mi kà á."

Àwọn aṣáájú ti ń padà bọ̀, wọ́n wọ́ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Yéè! Tẹ̀súbáà Àlàájì léegun!"

Ó gbá àpò pàpà. Náílọ́ọ̀nù kan já bọ́, ìdajì ẹja díndín yọrí níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba imú àwa aláàwẹ̀ kan.

Lèmọ́mù rọra bi í: "Àlàájì, ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo gbàgbé ni! Ẹni tó bá gbàgbé jẹun, ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Ẹ ò rí i?"

"Ẹni tó gbàgbé kì í di èyí tó kù sápò," Àǹtí Wàsílátù dá a lóhùn.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé! Èèrà gan-an ni mo ra ẹja yẹn fún. Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́—"

Ibi tí ọ̀kan gbé já a jẹ, n ò lè kọ ọ́ nínú oṣù mímọ́. Àlàájì fò sókè, ó gbọn jálàbíà, ó sì gba ẹnu géètì lọ láì wọ bàtà.

"Àlàájì, ẹ ò dúró ṣínu ni?"

Kò wẹ̀yìn. Èèrà ti gbé ìyókù oúnjẹ rẹ̀ wọlé.